Fúnṣọ́, O Rí Fáìlì Màámi Kó O Tó Tẹ̀ Ẹ́

Má kí mi! Mo ní o ò gbọdọ̀ kí mi, Fúnṣọ́, dìde nílẹ̀ yẹn, ta ló ní kó o dọ̀bálẹ̀? Ìdọ̀bálẹ̀ yìí gan-an ló bá wa dé ibi tá a wà yìí. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, wákàtí méjìlá ni mo fi ń sáré láti ìdí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kan dé òmíràn, aṣọ iṣẹ́ ló ṣì wà lọ́rùn mi yìí, n ò dé ilé mi ní Cheverly, n ò wẹ̀, omi tútù ò kan ọ̀fun mi, Riverdale Park níbí ni mo dorí mọ́tò kọ, torí bí mo bá délé tí mo bá kọ̀ǹpútà yẹn lórí tábìlì, mo lè sọ ọ́ mọ́ ògiri. Abdulwahab, má jáde, jókòó síbẹ̀ jàre, ìwọ tẹ́ ẹ jọ gba ilé, ó yẹ kó o mọ irú ẹni tò ń bá gbé.

Kí n rọra? Kí n rọra fún ta ni? Ohùn ìyá mi lo pa rẹ́! Ohùn ìyá tó bí èmi àti ìwọ! Olè ò jí i, iná ò jó o, òjò ò gbá a lọ, ìwọ ọmọ bíbí inú wọn lo fi ìka ara rẹ tẹ ohun tó pa á rẹ́, ojú rẹ sì là sílẹ̀ kedere. Ọdún mẹ́ta, Fúnṣọ́! Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pe Ìbàdàn láti Amẹ́ríkà níbí ní gbogbo Sọ́ńdè, bó ti wù kó rẹ̀ mí tó, màá gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, màá jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa gba ohùn Màámi sílẹ̀ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, torí láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ fún wa pé àìsàn ìgbàgbé ti wọ̀ wọ́n lára, pé díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa jẹ wọ́n lọ, ni mo ti sọ lọ́kàn ara mi pé kó tó jẹ wọ́n tán, èmi náà á bu tèmi pamọ́.

Ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ wọ́n tán. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n pè mí ní Sọ́ńdè tó kọjá? Nọ́ọ̀sì! Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun o, ilé ọkọ yín ńkọ́?" Ìyá mi ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀! Èmi Fọlákẹ́, èmi tí wọ́n máa ń pè ní olórí kunkun, tí wọn kì í dá lóhùn láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ bú mi! Mo ní, "Màámi, èmi mà ni o." Wọ́n ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ má bínú, ojú mi ni ò ríran dáadáa mọ́." Lórí fóònù o! Ojú wo ni wọ́n fẹ́ fi rí mi lórí fóònù? Mo dá fóònù dúró, mo lọ ṣí kọ̀ǹpútà, pé kí n lọ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ń bú mi. Pé kí wọ́n ṣáà bú mi díẹ̀ kí n lè rí oorun sùn. Mo wá fóódà tí mo kó ohùn wọn sí, mo wá a, mo wá a, n ò rí i, mo nu gíláàsì ojú mi, mo tún wá a.

Mo pè ẹ́. Bó o ṣe gbé fóònù, o ní, "Àǹtí mi, ẹ forí jì mí." Mi ò tíì bi ẹ́ léèrè ohunkóhun o! Kí n tó ní, "Fúnṣọ́, fóódà Màámi dà?" o ti ní kí n forí jì ẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìwọ ni.

Rárá, má sọ ọ́. Mo mọ ibi tó o fẹ́ gbà, o fẹ́ sọ pé èmi ni mo kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ó dáa, jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ kí Abdulwahab bá wa dá a. Ta ló gbé Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà yìí, wọ ilé mi? Windows ni mò ń lò jẹ́jẹ́ mi. Wọ́n ní láptọ́ọ̀pù mi ti dàgbà jù fún Windows tuntun, mo ní kí n jù ú nù, ìwọ lo ní, "Àǹtí, ẹ má jù ú nù, mo máa fi Linux sí i, ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó máa ṣọ́ yín, ó máa sáré bíi tuntun." Ìwọ náà lo ní kí n má kó ohùn Màámi lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé ilé àjèjì ni, pé ohun tó bá jẹ́ tiwa, inú ilé wa ló yẹ kó wà. Mo gbọ́. Mo fi ẹ́ yangàn níbi iṣẹ́, mo ní àbúrò mi kò jẹ́ kí n fi ìyá mi sọ́wọ́ ẹni tí n ò mọ̀. Ọjọ́ tí ohùn kọ̀ǹpútà náà dédé kú lẹ́yìn update kan, ìwọ lo wá, o ṣí fèrèsé dúdú yẹn, o ń tẹ lẹ́tà wéréwéré bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi padà sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí Wi-Fi sọnù, ìwọ náà ni. N ò sọ pé o ò mọ iṣẹ́ o! Ohun tó ń dùn mí wọra nìyẹn. Ká ní òpè ló ṣe é, ǹ bá sọ pé òpè ni, ǹ bá gba kámú.

Ó wá di ti upgrade. O ní Linux tó wà lórí ẹ̀ ti gbó, pé láìpẹ́ wọn ò ní tún un ṣe mọ́, o kà á fún mi lórí fóònù, ẹ ki wáyà iná bọ̀ ọ́, ẹ tẹ ibi báyìí, ẹ fi í sílẹ̀ kó máa ṣe é lọ. Mo fi í sílẹ̀. Ó ń ṣe é lọ. Ó dé ibì kan, ó dúró gbagidi bíi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò fẹ́ rìn mọ́, wákàtí kan, wákàtí kan àbọ̀, mo pè ẹ́, o wà ní kíláàsì, àkókò iṣẹ́ mi ti tó, mo bá tẹ bọ́tìnnì iná mọ́lẹ̀, mo pa á. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni! Ìgbà tó o dé lo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé kò dúró lásán, pé ó ń bi mí léèrè nǹkan kan ni, pé ìbéèrè náà fara pamọ́ sẹ́yìn fèrèsé mìíràn, ó sì ń retí kí n dá a lóhùn. Mo gba ẹ̀bi yẹn. Mo ti gbé e rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi ò pa fáìlì kan ṣoṣo rẹ́, àbí ó pa á? Sọ ọ́ fún Abdulwahab! Ó pa á bí?

Ẹ̀n-ẹ́n. Kò pa á. Sátidé lo wá, kọ̀ǹpútà ò wọlé, lẹ́tà funfun ló ń tò sójú dúdú, o ki flash rẹ bọ̀ ọ́, o fi gbé e dìde, o ké sí mi, "Àǹtí, ẹ wá wò ó!" Mo wá wò ó. Fóódà Màámi nìyẹn, bí mo ṣe tò ó gẹ́lẹ́, oṣù àti ọjọ́ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. O ní, "Ògiri ló wó, ẹrù inú ilé wà níbẹ̀ digbí." Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ nìyẹn, n ò fi kún un. O ní o gbàgbé hard disk rẹ sílé, pé o máa sáré wá mú un, pé o máa kọ́kọ́ kó fáìlì jáde kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo ṣàdúrà fún ẹ. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ lórí, mo ní wà á jèrè, mo bá wọlé lọ sùn, torí ìgbà kẹta léraléra nìyẹn tí mo ti ń ṣe wákàtí méjìlá.

Ẹ̀gbọ́n Ọládẹ̀jọ bá dé. Abdulwahab, o ò mọ̀ wọ́n, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ni, Clinton ni wọ́n ń gbé, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti wà ní Amẹ́ríkà yìí. Gàrí ni wọ́n gbé wá fún mi. Wọ́n bá ọ̀gbẹ́ni yìí lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n ní kí ló ń ṣe, ó ṣàlàyé, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà tí àwọn bẹ̀rẹ̀ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà tóbi bíi kọ́bọ́ọ̀dù, Fúnṣọ́ ò tíì já lẹ́nu ọmú. Wọ́n ní kí ló ń tún ògiri rẹ̀ ṣe sí, pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, fi tuntun síbẹ̀, ó parí. O ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn fáìlì kan wà níbẹ̀, sà." Wọ́n ní fáìlì kí ni, ta ló tún ń kó fáìlì sínú kọ̀ǹpútà láyé ìsinyìí. Kọ̀ǹpútà bi yín pé ṣé kí òun pa ohun gbogbo tó wà nínú òun rẹ́? Ó tún bi yín lẹ́ẹ̀kejì! Ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀mí, tí kò mọ Màámi rí, ó dúró, ó ní, ẹ rò ó wò o. Ẹ̀gbọ́n ní, "Tẹ̀ ẹ́ jàre." O ní, "Ó dáa, sà."

Ó dáa, sà! Fúnṣọ́, ó dáa, sà! Kí ló dáa níbẹ̀? Ṣé èmi ni mo parọ́ mọ́ ẹ? Ìwọ lo fẹnu ara rẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún mi, o ní o mọ̀ pé wọ́n ṣìnà, o mọ̀ pé fóódà yẹn ń lọ, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n ni, báwo lo ṣe fẹ́ já Ẹ̀gbọ́n nírọ́ lójú ara wọn. Mo wà ní yàrá kejì! Ògiri kan ló là wá! O ní o ò fẹ́ jí mi torí ó rẹ̀ mí. Ṣé mo bẹ̀ ẹ́ pé kó o jẹ́ kí n sùn ni? Ká ní o kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní o wúkọ́! Ká ní o ní ìgbẹ́ gbọ̀n ẹ́, kó o sá wọ ilé ìyàgbẹ́, kó o tilẹ̀kùn mọ́ra títí Ẹ̀gbọ́n fi máa padà sí Clinton!

Mo mọ̀, mo mọ̀. Má sọ ọ́ fún mi mọ́. Wọ́n gbà ẹ́ sílé. Oṣù mẹ́jọ lo fi sùn ní basement, yàrá abẹ́ ilé wọn, wọn ò gba kọ́bọ̀, ìyàwó wọn ń se oúnjẹ fún ẹ, àwọn ni wọ́n wá gbé ẹ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tí èmi ò ráàyè. Mo ti dúpẹ́, màá tún dúpẹ́. Ṣé ti pé ènìyàn gbà wá sílé ni ká wá máa wò ó kó máa da omi gbígbóná sórí ìyá wa? Abdulwahab, ọmọkùnrin yìí dọ̀bálẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n lórí yìnyín ní páàkì ṣọ́ọ̀bù kan ní Clinton, òyìnbó kan sáré dé, ó ní ṣé kí òun pe ambulance! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi lọ́jọ́ yẹn. Mo ní ọmọ tá a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ nìyí. Ta ló sì kọ́ ẹ? Àbí kì í ṣe Màámi ló kọ́ ẹ, tí wọ́n ń na ẹsẹ̀ rẹ bí o bá fojú ko ojú àgbà? Ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi kọ́ ẹ lo fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti sọ ọ́ fún wa tó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀, ti àgbàlagbà náà ò wọ kèrègbè! Ọwọ́ tìrẹ nìkan ló wọ kèrègbè yẹn. Ẹ̀gbọ́n ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, ìwọ lo mọ̀.

Mo wá jí, ẹ ń pàtẹ́wọ́! Ojú kọ̀ǹpútà ń dán gbinrin. Èmi òmùgọ̀, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n, mo ní orí yín ò ní burú, mo wọ ilé ìdáná, mo fi gàrí tí wọ́n gbé wá tẹ ẹ̀bà, mo gbé e síwájú yín. O jẹ ẹ́, Fúnṣọ́. O bu ẹran ẹlẹ́ẹ̀kejì. O mọ̀, ó wà nínú rẹ, o ń wo ojú mi, o sì ń jẹun. Mo lè dárí ji ìka tó tẹ kọ̀ǹpútà. Ẹran kejì yẹn, n ò tíì mọ bí mo ṣe máa dárí jì í.

Mo pe Ẹ̀gbọ́n náà, má rò pé mo bẹ̀rù wọn. Mo sọ ọ́ fún wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé báyìí báyìí lọ̀rọ̀ rí. Wọ́n ní, "Há, Fọlákẹ́, pẹ̀lẹ́, omi ló dànù, agbè ò fọ́, ìyá ṣáà wà láyé." Omi ló dànù, agbè ò fọ́! Mo gbé fóònù sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ lọ.

O ò mọ ìdí. Báwo lo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? O ò bá mi gbọ́ ọ̀kan rí nínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo ní wá jókòó, wá gbọ́ Màámi? O ní iṣẹ́ ilé-ìwé. Ó dáa, gbọ́ ọ lẹ́nu mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu mi ló yẹ kó o ti gbọ́ ọ. Ọmọ kan wà láàárín èmi àti ìwọ.

Jókòó. Mo ní jókòó. Ọkùnrin ni. Ọlámijùlọ lorúkọ rẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló lò, ibà ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ, ọmọ kékeré lèmi náà, n ò rántí nǹkan kan, wọn ò sì dárúkọ rẹ̀ nínú ilé wa mọ́ títí bàbá wa fi kú. Sọ́ńdè kan ni Màámi dédé sọ ọ́ fún mi, ó ju wákàtí kan lọ, wọ́n sọ aṣọ tó wọ̀, wọ́n sọ bó ṣe máa ń di etí wọn mú kó tó sùn, wọ́n sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní gbogbo ẹni tó wá kí àwọn ń sọ pé omi ló dànù, agbè ò fọ́. Wọ́n ní àwọn ń ṣe àmín, ṣùgbọ́n nínú àwọn lọ́hùn-ún, àwọn ń sọ pé ọmọ mi kì í ṣe omi. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n wá bí ìwọ, odindi ọdún kan ni wọn ò fi jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kan ilẹ̀. Wọ́n sunkún, wọ́n wá ní kí n má tíì sọ fún ẹ, pé bó o bá délé, àwọn fúnra wọn á sọ ọ́. Èmi mọ̀ pé wọn ò ní rántí mọ́ bó o bá délé, mo ní kò burú, ó wà nínú kọ̀ǹpútà, wà á gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Ohun tí mò ń pamọ́ dè ẹ́ nìyẹn. Ó wá di pé èmi ni mò ń sọ ọ́ fún ẹ báyìí, nínú aṣọ iṣẹ́, pẹ̀lú ariwo.

Ẹ̀n? Flash tó o fi sílẹ̀? Mo rí i. O wá sílé mi láti Mọ́ńdè, o fi nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tó ti kú, ó ń wá a tọ̀sán tòru fún ọjọ́ mẹ́ta, lánàá lo fi flash sílẹ̀ lórí tábìlì, o kọ pépà kékeré lé e pé "Àǹtí, díẹ̀ ló rí," o sì sá lọ kí n tó délé. Pépà! Ẹnu rẹ ńkọ́? Òun nìyí lọ́wọ́ mi. Inú mọ́tò ni mo ti gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí, ní páàkì ibi iṣẹ́, mo mú un dání lọ síbẹ̀ torí n ò láyà láti gbọ́ ọ nílé.

Mọ́kànlélógójì ló rí, nínú àádọ́jọ ó lé. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Kò sí èyí tó ju bí ènìyàn ṣe ń mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ. Kò sí ti Ọlámijùlọ níbẹ̀, kò sí ìtàn, kò sí orin, kò tilẹ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń bú mi. Ohun tó kù ni pé, "Haló! Fọlákẹ́! Fúnṣọ́ ńkọ́?" Ó já. Òmíràn, "Haló, ṣé o ti jí? Fúnṣọ́ ńkọ́?" Ó já. Mo ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ohun kan náà ni, wọ́n á kí mi, wọ́n á bi mí léèrè rẹ, ohùn á já. Fúnṣọ́, n ò rántí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń béèrè rẹ tó. Mo máa ń yára dáhùn kí ọ̀rọ̀ gidi lè bẹ̀rẹ̀, màá ní ó wà dáadáa, ó ní kí n kí yín. Irọ́ ni. O ò rán mi rí.

N ò ní kó o lọ bá Ẹ̀gbọ́n jà. N ò fẹ́ owó rẹ, n ò fẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun, má tún ní kí n forí jì ẹ́. Gba flash yìí. Ki í bọ kọ̀ǹpútà rẹ, gbé ohùn rẹ̀ sókè, bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí àkọ́kọ́, bí wọ́n bá ti béèrè tán, kó o dá wọn lóhùn, pẹ̀lú ẹnu rẹ, kí n gbọ́ ọ, kí Abdulwahab gbọ́ ọ. Mọ́kànlélógójì ni, n ò ní padà sílé títí wà á fi dá wọn lóhùn tán.

Ohùn wọn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó yá. Má wò mí, Fúnṣọ́. Èmi ti dáhùn tèmi, irọ́ ni mo pa fún wọn. Ó kàn ẹ́.